Òjò Tí Ládòkun Kò Kà

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ládòkun mọ̀ láyé, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tó ti di géńdé títí irun orí rẹ̀ fi funfun, èbúté ọkọ̀ òkun l'Ékòó ló wà. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ta tapólì, aṣọ líle tí omi kì í là kọjá, bo ẹrù tí wọ́n bá já kúrò nínú ọkọ̀, ó sì tún ń ká a kúrò. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́ ló ń bò ó, nítorí pé l'Ékòó, nígbà òjò, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni òjò sábà máa ń ti orí òkun wọlé. Bí oòrùn bá là lọ́sàn-án, á ká a. Fóòmáànù tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Àárọ̀ lòjò ń rọ̀. Bí o bá sùn lọ, ìyẹ̀fun á di ẹ̀kọ." Ládòkun kò sùn lọ rí. Kò sì bèèrè rí bóyá ibòmíràn wà láyé tí òjò kì í ti í rọ̀ láàárọ̀.

Ní ìparí ọdún 1983, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa lọ sinmi. Wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú àwọn tapólì àtijọ́ náà, ó dì í, ó gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì bá a wálé sí Ṣakí. Ìyàwó kò bá a bọ̀. Ọmọ kò bá a bọ̀. Tapólì kan àti ọ̀rọ̀ ẹnu fóòmáànù kan ló kó ti Èkó dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àwáwù, opó tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, gbá yàrá kan fún un, ó sì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni. Ní ilẹ̀ wa, a kì í bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tó fi ogójì ọdún ṣe.

Bí Ládòkun bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá náà, kò ní sí ìtàn kankan láti sọ nípa rẹ̀. Àpáta ló sọ ọ́ di èèyàn.

Àpáta náà wà lẹ́yìn agboolé wọn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ ju ojú ọjà lọ. Àpáta Onígbá ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́. Iṣu tó bá ti ń hù nínú àká, tí kò lè dúró di ìgbà iṣu tuntun, wọn á bẹ ẹ́, wọn á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọn á sì lọ tẹ́ ẹ sórí àpáta kí oòrùn gbẹ ẹ́. Bí ó bá gbẹ, ilé ní oúnjẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé. Bí òjò bá pa á lápajù, á bu, á dúdú, ọkà tí wọ́n bá fi rò á máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká mọ́ inú àpótí ní tútù.

Láyé àtijọ́, èlùbọ́ ẹnìkan máa ń ṣìnà wọ inú igbá ẹlòmíràn. Ìjà náà pọ̀ débi pé àwọn àgbà ṣòfin. Ọkùnrin tó bá dàgbà jù nínú agboolé, tí kò sì joyè mìíràn, òun ni Bàbá Àpáta. Yóò máa jókòó ti àpáta, yóò máa wo ojú gbogbo ènìyàn, òun nìkan ni yóò sì máa pariwo "Ẹ kó o!" Kó tó pariwo, ẹni tó bá fọwọ́ kan èlùbọ́ lórí àpáta, olè ni, ìbáà jẹ́ èlùbọ́ tirẹ̀. Òfin náà dára fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Kò sí ẹni tó ronú kan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ni ìpè bá jẹ́ òmùgọ̀.

Ògúnsúyì ọdẹ ló jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Òun kò mọ ohun tó pọ̀ ju pé ó ní ojú méjì. Bí wọ́n bá ti kí ìrun alásárì tán, á wo ìhà ìlà-oòrùn. Ó ṣú ni, kò ṣú ni, á pariwo "Ẹ kó o!", á sì gba ìdí ẹmu rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin á kó èlùbọ́ wọn wálé, wọn á tún kó o jáde nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ògúnsúyì kú nínú ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ Ládòkun. Wọ́n ka ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin agboolé. Ládòkun ló kàn.

Ọ̀rọ̀ òjò kò le. Létíkun, omi òkun kì í tètè tutù lálẹ́ bí ilẹ̀ ti ń tutù, nítorí náà orí omi ni ìkúukùu ti ń ṣù jọ, òwúrọ̀ ló sì ń yà sí ilẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí Ṣakí wà, òkun jìnnà. Ilẹ̀ pupa àti àpáta ni oòrùn ń sè láti òwúrọ̀, ooru wọn á máa gòkè, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti di òjò, á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjì. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ ní Ṣakí mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìdajì yòókù wà nínú ìwé tí wọ́n ń kà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ládòkun kò da ewúrẹ́, kò sì dé fọ́ọ̀mù kẹta.

Oṣù kẹrin ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀. Ọdún yẹn ni àwọn sójà ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Láràárọ̀ ni rédíò ń sọ pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ba ilẹ̀ yìí jẹ́. Ládòkun gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí àwọn obìnrin tẹ́ èlùbọ́ wọn tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tú tapólì rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun di igun rẹ̀ mú, wọ́n sì fi bo gbogbo èlùbọ́ náà mọ́lẹ̀.

Sàrátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dúró wò ó.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé a kì í sá èlùbọ́ mọ́ ni? Ṣé a ń rì í mọ́lẹ̀ ni?"

"Òjò ni mo torí ẹ̀ bò ó."

"Òjò dà?"

"Ó ń bọ̀."

Sàrátù gbójú sókè. Sánmà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. "Ó dáa, Bàbá. Bí ó bá dé, ẹ bá wa kí i kú ìrìn."

Gbogbo òwúrọ̀ ni oòrùn fi ràn lé tapólì lórí. Nígbà tí wọ́n kí ìrun àìlà tán, Ládòkun ká a kúrò. Ooru tó jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn alásárì, ìlà-oòrùn ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ láti ọ̀sán dúró. Àwọn obìnrin kó igbá àti agbọ̀n wọn, wọ́n dúró sí etí àpáta, wọ́n ń retí ìpè.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àwáwù wí, "òjò ṣú o."

"Àwáwù, wọ́n ti kí alásárì àbí wọn ò tíì kí i?"

"Wọ́n ti kí i."

"Bí wọ́n bá ti kí i, òjò ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Àárọ̀ lòjò ń rọ̀. Mọ̀gáríbì ni n óò pè yín. Ìgbà yẹn ni fèrè ìṣíwọ́ máa ń dún ní èbúté."

Òjò dé. Kò dé ní jẹ́jẹ́. Ó gbé ìjì ṣíwájú, ó da igbá kan láti orí àpáta dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ó sì rọ̀ lé èlùbọ́ lórí títí omi funfun fi ń ṣàn kúrò lórí àpáta bí omi ògì. Gbogbo obìnrin agboolé dúró sínú òjò pẹ̀lú igbá òfìfo lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó jẹ́ jalè. Ládòkun náà dúró. Omi ń kán ní ṣóńṣó imú rẹ̀.

"Bàbá," ni Sàrátù kígbe, "kí ni èyí?"

"Èyí kì í ṣe òjò," ni Ládòkun wí. "Ìyókù ni."

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù ti àárọ̀."

Òjò kejì rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ náà ni. Ládòkun kò pè é ní ìyókù mọ́. Ó ti lọ ronú. Ó ní òjò náà pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Ó ní ní èbúté, bí òṣìṣẹ́ bá pẹ́ dé, kò sí bó ṣe lè ṣiṣẹ́ tó lọ́jọ́ náà, wọn kì í kà á. "Èyí tó rọ̀ lánàá, a ò kà á," ló wí. Ràmọ́nì tó ń tún rédíò ṣe, tó fẹ́ràn gbogbo ohun tó bá ti Èkó wá, mi orí.

"Bàbá kò parọ́. Òjò yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí ìjọba ń sọ? Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ tò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ agboolé lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti di ìkíni. Bí òjò bá pa ènìyàn láti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọn á ní, "Ẹ kú òjò tí a ò kà o." Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń ro tótó á dáhùn pé, "A dúpẹ́, kò rọ̀." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò ṣeé dárí jì. Ẹni tó bá ti rí ohun tí kò dára, tó wá sọ ọ́ di àwàdà, ti fọwọ́ sí i.

Àwáwù kò rẹ́rìn-ín. Èlùbọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bu. Ó kó o dà sẹ́yìn ilé, àwọn adìẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n yà fún un. Ó lọ bá Fádáhùnsí tó jẹ́ baálé agboolé, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òjò Ṣakí kì í ṣe òjò Èkó.

Fádáhùnsí kò fẹ́ wàhálà. Ó ránṣẹ́ pe Gbádébọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń gbé inú ọ̀kan nínú àwọn yàrá agboolé láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n jókòó síwájú ilé. Ládòkun jókòó sórí tapólì tó ká mọ́ ìdí.

"Tíṣà," ni Fádáhùnsí wí, "ìwọ lo kàwé. Ìgbà wo lòjò ń rọ̀?"

Gbádébọ̀ tún kọ́là ẹ̀wù ṣe. "Ẹ̀yin bàbá mi, ibi tí ènìyàn bá wà ni. Létíkun, àárọ̀. Níhìn-ín, ìrọ̀lẹ́. Tí a bá wá lọ sí ìhà Ṣókótó, òmíràn a máa dé láàjìn."

"Ṣé òjò mẹ́ta ni Ọlọ́run dá?" ni Ládòkun bèèrè.

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé o ti gbé etíkun rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé o ti bo ẹrù rí? Ṣé ọkọ̀ òkun kan ti já ìyẹ̀fun síwájú rẹ rí, tí òyìnbó wá dúró lé ọ lórí?"

Gbádébọ̀ wo Fádáhùnsí tó ni yàrá tó ń sùn. Ó wo Ládòkun. Ó mọ òtítọ́ náà délẹ̀; ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Ohun tí Bàbá ń sọ," ló wí, "ó ní ibi tó ti rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu tíṣà," ni Ràmọ́nì wí. Wọ́n túká. Gbádébọ̀ wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ̀ lè tọrọ àforíjì. Gbádébọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Iṣu tó kù nínú àká Àwáwù kò pọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ti hù. Bí èyí bá tún bu, kò sí oúnjẹ nílé títí iṣu tuntun. Ó bẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo inú àwo yẹn."

"Ọkà ni."

"Èlùbọ́ tó gbẹ̀yìn láti ọdún tó kọjá ni. Ó tán. Èyí tí ẹ óò jẹ lọ́la àti lọ́tùn-únla, orí àpáta ló máa wà. Bí ẹ bá fi òjò pa á, èmi ò ní nǹkan tí n óò rò fún yín. N kò ní jà. N óò kàn gbé àwo òfìfo síwájú yín ni."

Ládòkun wo àwo náà pẹ́. Oòrùn kò yí i lọ́kàn padà. Òjò kò yí i lọ́kàn padà. Àwo yí i lọ́kàn padà.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ sá a láàárọ̀, láìbò ó. N óò pè yín ní alásárì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ ni mo ṣe o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́."

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ gbogbo agboolé rí oòrùn láti òwúrọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ó ń dún gbagba bí wọ́n bá dà á sínú igbá. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó bá àpáta lófìfo. Àwọn obìnrin ń yin Àwáwù. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ṣeun o. Ẹ gbà wá." Ládòkun gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Kò sí ẹni tó kí i. Ràmọ́nì pàápàá kọjá, rédíò lábẹ́ apá, kò yà. Ìgbà náà ló yé Ládòkun pé bí òjò Ṣakí bá ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, tapólì nìkan ló gbé ti Èkó bọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn, jìnnà sí Ṣakí, oòrùn ti se òjò kan lórí àwọn òkè Jos. Òjò ìrọ̀lẹ́ gidi ni níbi tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n irú òjò bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀. Ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó kọjá Bídà, ó la odò Ọya kọjá, gbogbo òru ló fi rìn. Kò dé Ṣakí títí wọ́n fi kí àsùbáà tán. Ìrọ̀lẹ́ ibòmíràn ni àárọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ èlùbọ́ tán ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pátá, oòrùn ọjọ́ kan péré ló kù. Wọ́n ti ń lọ sílé láti dáná nígbà tí ìlà-oòrùn, tó yẹ kó máa mọ́, ṣú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n gbá igbá àti agbọ̀n mú, wọ́n sáré padà. Ládòkun ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí tapólì rẹ̀, tó ti ká dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bàbá, ẹ pè!"

"Kí ni n óò pè?"

"Òjò rèé, Bàbá!"

"Òjò kẹ̀?" ni Ládòkun wí. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń rọ̀? Alásárì ni àdéhùn wa. N kì í yẹ àdéhùn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta tapólì sí i nígbà náà!"

"Ẹ ní kí n má bò ó."

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní í jẹun lọ́la ni?" Sàrátù ti ń sunkún.

Ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ bọ́ sórí àpáta, ó tóbi bí owó ẹyọ. Ládòkun gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ní ọjọ́ yìí nìkan, nínú gbogbo ọjọ́ tó fi ṣe Bàbá Àpáta, ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀, ó mọ ohun tí yóò bà jẹ́, tapólì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ìpè wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yàn láti jàre.

Àwọn obìnrin dúró. Òfin ni. Bí ẹ bá kọjá lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí agboolé odindi tó dúró yí oúnjẹ ara rẹ̀ ká pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò ó bó ti ń rà, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n lólè.

Àwáwù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gun orí àpáta. Ó kó lára èlùbọ́ tirẹ̀ kún agbọ̀n, ó tú ìborùn orí rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì sáré wọlé. Nígbà tó padà dé fún ìyókù, kò sí ìyókù mọ́. Omi ti gbá a lọ sínú kòtò.

Òjò dá. Ládòkun dìde, ó na apá méjèèjì.

"Aago wo ni?" ló bèèrè.

Ràmọ́nì tó sá sábẹ́ igi jáde. "Àárọ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní àárọ̀ lòjò ń rọ̀."

Ariwo sọ nínú agboolé. Bàbá ti sọ ọ́! A ò gbọ́! Obìnrin ló mú wa ṣìnà! Ẹ gbé ìṣirò wọn yẹ̀ wò, kò ní àbùkù. Gbogbo òjò tó rọ̀ nírọ̀lẹ́, wọn kò kà á. Èyí tó rọ̀ láàárọ̀, wọ́n kà á. Nítorí náà, gbogbo òjò tí wọ́n kà, àárọ̀ ló rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe Àwáwù síwájú Fádáhùnsí. Wọ́n gbé agbọ̀n èlùbọ́ rẹ̀ sí àárín, ó funfun, ó gbẹ, ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ẹ̀sùn ni pé ó fọwọ́ kan èlùbọ́ lórí àpáta láìsí ìpè.

"Ẹ jẹ́ kí n bèèrè," ni Sàrátù wí láti ẹ̀yìn. "Èlùbọ́ ta ni wọ́n jí?"

"Ti Ìyá Bọ́sẹ̀," ni Ràmọ́nì dáhùn.

"Ta ló jí i?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Ṣé Ìyá Bọ́sẹ̀ ti wá fi ẹjọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ sùn?"

"Ìyàwó ilé, dákẹ́," ni Fádáhùnsí wí. "Òfin kò mọ ẹni tó ni nǹkan. Ìpè ni òfin mọ̀."

Gbádébọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Wọ́n dájọ́ pé Àwáwù jẹ̀bi, pé kí èlùbọ́ tó jí di ti Bàbá Àpáta, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti fi lélẹ̀. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ládòkun dárí jì í níwájú gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n Ládòkun kò lè dáná. Ó gbé agbọ̀n náà padà fún Àwáwù pé kí ó máa rò ó fún òun. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò méjì ni Àwáwù ń gbé kaná. Nínú ọ̀kan, ó ń ro èlùbọ́ gbígbẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú èkejì, ó ń ro èyí tó bu, èyí tó ṣà nínú kòtò, fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Kò bù nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó ní wọ́n ti pe òun lólè lẹ́ẹ̀kan, ó tó.

"Àwáwù," ni Ládòkun wí lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń ti òkèlè bọ ọbẹ̀ ilá, "èyí gbẹ dáadáa o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o rí i? Bí ẹ bá ti ń gbọ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ á ṣe gbẹ nìyẹn."

Àwáwù kó àwo. Inú ń run Bọ́sẹ̀ nínú yàrá kejì.

Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 1985 pé, Àwáwù kò lọ sí Àpáta Onígbá. Ó yá àkàbà lọ́wọ́ káfíńtà, ó fi ti ògiri, ó gun orí páànù ilé rẹ̀, ó sì tẹ́ èlùbọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ràmọ́nì lọ fi ẹjọ́ sùn. Fádáhùnsí ronú sí i, ó ní òfin kò dárúkọ páànù. Láràárọ̀, lórí àpáta, àwọn obìnrin yòókù ń bá Ládòkun di igun tapólì mú, wọ́n ń fi oòrùn tí kò lẹ́ṣẹ̀ pamọ́ fún èlùbọ́ wọn. Láràárọ̀, Àwáwù ń tẹ́ tirẹ̀ sínú oòrùn kan náà, bí wọ́n bá sì ti kí alásárì tán, á gùnkè lọ kó o. Ládòkun kò sọ nǹkan kan sí i. Àwo rẹ̀ ń kún.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn alásárì, ìlà-oòrùn ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fúùfù dúró. Àwọn obìnrin wá sí etí àpáta pẹ̀lú igbá wọn. Ládòkun ti ká tapólì láti ọ̀sán. Ó jókòó lé e, ó wo òjò tó ṣú, kò mi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí agboolé. Ó rí Àwáwù lórí páànù, ó ń kánjú, agbọ̀n wúwo ní orí rẹ̀, ìjì àkọ́kọ́ sì ti ń ti àkàbà síwá sẹ́yìn.

Ládòkun dìde. Àwọn obìnrin na ọrùn, wọ́n rò pé ó fẹ́ pè.

Kò pè. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì sáré bí ẹni tí kò dàgbà rí, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú gírígírí.

"Rọra o, Àwáwù!" ló kígbe sókè. "Òjò ti dé! Má jẹ́ kí ó kán sí i!"

Lórí àpáta, wọ́n dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, wọ́n ń retí rẹ̀.